Àgbà Tó Ń Sùn Nínú Òkè

Ọdún kẹta ogun ni, lọ́sẹ̀ tí àwọn ará òdìkejì odò gba afárá kọjá, tí gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ nílùú ti ń wo ọ̀nà tí yóò bá sá. Kíláàsì ilé-ìwé kan ni àwọn ọ̀gá ológun sọ di yàrá ìgbìmọ̀. Àga àwọn ọmọdé ni wọ́n jókòó lé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, àwọn ọkùnrin ńláńlá tí irin àmì ẹ̀yẹ kún àyà wọn. Ìṣirò tí olùkọ́ kọ sílẹ̀ kó tó sá lọ ṣì wà lára pátákó, kò sẹ́ni tó nù ún. Wọ́n tẹ́ máàpù sórí tábìlì, wọ́n fi ife tíì mẹ́rin tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e.

Ọkùnrin kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí kò jókòó. Sájẹ́ǹtì ni, ó ti súnmọ́ àádọ́ta ọdún. Má-yẹ̀ ni wọ́n ń pè é nínú ológun, nítorí pé ibi tí wọ́n bá fi í sí lánàá ni wọ́n ń bá a lónìí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ti ń ṣọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ilẹ̀kùn irin tó wà nínú òkè lẹ́yìn ìlú. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ní bọ́ǹbù átọ́míìkì wà, ọ̀kan ṣoṣo tí ilẹ̀ wọn ní. Àwọn ọmọ ogun kì í pe orúkọ rẹ̀. Àgbà ni wọ́n ń pè é. Má-yẹ̀ kò rí i sójú rí. A kì í ṣí aṣọ lójú àgbà tó ń sùn.

Ọ̀gágun fi ọ̀pá tọ́ka sí máàpù. "Gbogbo wa ń gba apá ìwọ̀-oòrùn lọ. A ó gba inú àbàtà, a ó yọ sí wọn lẹ́yìn. Ọgọ́ta ènìyàn péré ló máa ṣẹ́kù sórí òkè."

Májọ̀ arúgbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Baba Máàpù. Ó gbọn orí. "Ọgọ́ta kẹ̀? Ẹgbàárùn-ún ènìyàn ló ń bọ̀ o, Ọ̀gágun. Ìyẹn ò tiẹ̀ tó ohun tí wọ́n máa fi panu."

"Baba Máàpù, ẹ jọ̀ọ́, bí arúgbó kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó mú ìṣáná lọ́wọ́, tí garawa bẹntiróòlù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ta ló máa sáré lọ gbá a létí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kí ló wá dé tí a ò kúkú jù ú lù wọ́n kí oníkálukú padà sílé?"

Ọ̀gágun gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni. "Ìbọn tí a bá yìn, ẹ̀ẹ̀kan ló dún. Èyí tí a ò yìn, ojoojúmọ́ ló ń dún létí ọ̀tá. Bí a bá jù ú, ilé wo la fẹ́ padà sí? Atẹ́gùn ò mọ ààlà. Iṣẹ́ Àgbà kọ́ ni kó jí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n má lè fojú ba oorun nítorí pé ó lè jí. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń kí wa bí ènìyàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé kò sí mọ́, a ti di adìyẹ ìrànà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Má-yẹ̀ létí dáadáa. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tú, Ọ̀gágun fà á lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kó ìgbálẹ̀ sí. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, nítorí náà ó pè é bó ṣe ń pè é láti kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi sórí òkè."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bí Ọ̀gágun ni ìyá tó bí i kú. Ìyá Má-yẹ̀ ni aládùúgbò wọn, ọmọ oṣù méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọmọ òrukàn náà, ó ní ọmú méjì ni Ọlọ́run fún òun, kí oníkálukú di ọ̀kan mú. Bí wọ́n ṣe dàgbà nìyẹn. Ẹni tó mu ọmú ọ̀tún di Ọ̀gágun, ẹni tó mu ti òsì di sájẹ́ǹtì, kò sì dùn ún rí. Ó máa ń sọ pé bí àbúrò bá ga tán, ẹ̀gbọ́n ló ń rí ibòji.

Ó bi í pé, "Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ wò, ẹ máa rí mi. Mo fi ọmú tí àwa méjèèjì mu búra. Bí mo bá já yín sílẹ̀, kí wàrà yẹn di májèlé nínú mi."

Má-yẹ̀ ò ní kó búra. Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ ló búra.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó tó gun òkè. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ó sún ojú mọ́ àwo bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ẹ̀yìn ilé Ọ̀gágun ló ń gbé, wọ́n jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan náà ni.

"Ìyàwó àbúrò rẹ ti lọ o," ó ní, kò gbójú sókè. "Ọkọ̀ ẹrù méjì. Wọ́n tú aṣọ fèrèsé, mo ní ó dáa. Wọ́n wá tú ọ̀pá tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tó ń lọ fún ọjọ́ méje ha ń tú ọ̀pá fèrèsé bí?"

"Ìyàwó ẹ̀ fẹ́ràn nǹkan ilé, Ìyá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n, àní mo mọ̀ ọ́n." Ó ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àbúrò rẹ ní kí èmi má lọ. Ó wá síbí fúnra ẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ní bí àwọn ará ìlú bá rí i pé ìyá Ọ̀gágun kó ẹrù, gbogbo wọn á sá. Mo ní mo ti gbọ́. Arúgbó bíi tèmi, níbo ni mo tún ń sá lọ?"

"Ọjọ́ méje péré ni, Ìyá."

"Dúró jẹ ẹ̀wà kó o tó lọ."

Kò jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ogun ń dúró. Ohun tó dun ọkùnrin yìí títí di òní nìyẹn, pé kò jẹ ẹ̀wà yẹn.

Ọgọ́ta wọn gun òkè. Ihò kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi kọnkéré ṣe ògiri rẹ̀, ó tutù bí ilé ìdáná tí a kì í dáná nínú rẹ̀. Ní òpin ihò náà ni ilẹ̀kùn wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni aago kan wà, kì í ṣe aago tó ń sọ àkókò, aago tó ń sọ bí inú lọ́hùn-ún ṣe gbóná tó ni. Láàárọ̀ kùtù, fún ọdún mọ́kànlá, Má-yẹ̀ á dúró síwájú rẹ̀, á fi ojú méjèèjì wò ó, á gbé tẹlifóònù, á ní, "Àgbà ń sùn. Méjìlélógún." Ẹni tó wà lọ́hùn-ún á ní, "Ó dáa." Á wá gbálẹ̀ iwájú ilẹ̀kùn, á sọ̀kalẹ̀ lọ ra tábà lẹ́nu géètì. Nínú ọyẹ́ méjìlélógún ni, nínú oòrùn tó ń bó ènìyàn láwọ̀ méjìlélógún náà ni. Inú rẹ̀ máa ń dùn. Ó gbà pé ìtọ́jú tí òun ń ṣe ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀tá dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n kún pápá ìsàlẹ̀ bí èèrà. Wọ́n dúró. Ọkọ̀ ogun onírin wọn kò yíjú ìbọn sí òkè rárá, kí ọta kan má lọ ṣèèṣì bá Àgbà. Gbohùngbohùn nìkan ni wọ́n ń lò.

"Ẹ̀yin ọmọ òkè! Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá jẹun! A ti sè é, ó gbóná!"

Ẹnìkan wà nínú àwọn ọgọ́ta náà tó jẹ́ oníṣẹ́ iná, Oníwáyà ni wọ́n ń pè é, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó kígbe padà: "Ẹ gbé e wá! Ẹ fi ata sí i o, tàná ò láta!"

Ọjọ́ kẹrin ni ìjà kan ṣoṣo tó wáyé. Ọ̀tá bí ọgbọ̀n gba apá àwọn àpáta gòkè láti wá wo ẹnu ihò. Ìjà náà kò pẹ́ tó omi tí a gbé kaná títí yóò fi hó. Wọ́n padà sísàlẹ̀. Méjì kú nínú àwọn tiwa, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò rí ohun tí yóò fi ẹsẹ̀ òsì ṣe mọ́. Má-yẹ̀ pa ojú àwọn òkú dé. Ó ní, "Ó ku ọjọ́ mẹ́rin," bí ẹni pé àwọn ló ń bi í.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni àwọn ọ̀tá gé iná. Wáyà ńlá tó wá láti ìlú bá dẹ́kun iṣẹ́. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, epo tán.

Ní ara ògiri ihò, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ òfin kan síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iná ló ń mú Àgbà tutù. Bí iná bá lọ, láàárín ìlàjì ọjọ́, ooru á máa gòkè. Bí ọwọ́ aago bá dé àádọ́rin, kí olúkúlùkù sá àsálà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sísá náà kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ẹ ò bá rí àwọn ọkùnrin yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú aago, wọ́n tan fìtílà méjì sí i, wọ́n ń wò ó bí aláìsàn ṣe ń wo ẹnu dókítà. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Òmíràn ní òun ti ń purọ́ fún ìyàwó òun. Oníwáyà ní òun lòun jí ẹran inú ọbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Alásè fò dìde. "Ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n bú mi níṣojú gbogbo ayé?"

"Ẹ dárí jì mí, a fẹ́ẹ̀ kú."

"Bí a ò bá kú ńkọ́?"

"Bí a ò bá kú, kì í ṣèmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yára tán. Wọ́n tún kọjú sí aago. Méjìlélógún. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Méjìlélógún. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ keje, odindi ọjọ́ kan ti kọjá láìsí iná, ó sì yẹ kí òkè náà ti fọ́. Méjìlélógún.

Ẹlòmíràn ìbá yọ̀. Má-yẹ̀ dìde, ó sún mọ́ aago. Ó ní, "Oníwáyà, tú u."

"Òfin ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, Sájẹ́ǹtì."

"Mo mọ òfin. Èmi ni mo ń kà á fún yín. Tú u."

Oníwáyà fi ẹnu ọ̀bẹ tú ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbé aago náà kúrò lára ògiri. Ó yí i padà. Kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ihò kankan, kọnkéré gbalaja ni. Nínú aago náà, wọ́n ki igi ìṣáná kan bọ abẹ́ ọwọ́ aago kó má bàa yẹ̀. Wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́. Àtè náà ti gbó, ó ti pọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó fi ìdí ìbọn lu ilẹ̀kùn irin náà, ó ń dún bí agba tí nǹkan kan ò sí nínú rẹ̀.

Tẹlifóònù ṣì ń ṣiṣẹ́, abẹ́ ilẹ̀ ni wáyà rẹ̀ gbà. Má-yẹ̀ gbé e. Kò sọ iye. Ó ní, "Fún mi ní Ọ̀gágun." Ó dúró, ó dúró, ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń gbé e láti ọwọ́ kan sí òmíràn, títí ohùn tó mọ̀ fi wọlé. Lẹ́yìn ohùn náà, ó ń gbọ́ ṣíbí nínú ife, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ènìyàn. Kò gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ àbàtà kankan.

"Níbo lo wà?" ó bi í.

Láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti di ọ̀gá, kò pè é ní "o" rí. Ọ̀gágun gbọ́ ọ.

"Olú ìlú, Ẹ̀gbọ́n."

"A tú aago."

Ọ̀gágun wá mí kanlẹ̀. "Kò yẹ kí wọ́n gé iná yẹn. Kò sẹ́ni tó rò ó pé wọ́n á gé iná."

"Ṣé ó wà níbẹ̀ rí?"

"Rárá. Ihò la gbẹ́, ilẹ̀kùn la rà. Ọdún mọ́kànlá ni ilẹ̀kùn yẹn fi gbà wá, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fojú kékeré wò ó. Mélòó ni ìbá ti kú?"

"O lè sọ fún mi."

"Mi ò lè sọ fún yín! Ẹni tó ń ta tábà lẹ́nu géètì, amí wọn ni. Ojú yín ló ń wò láràárọ̀ bí ẹ bá ń ti òkè bọ̀. Ojú òpùrọ́ máa ń làágùn. Tiyín ò làágùn rí. Ohun tí a ní nìyẹn, kì í ṣe bọ́ǹbù. Ojú yín."

Má-yẹ̀ fi ọwọ́ kan ojú ara rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ọ̀la ni ọjọ́ kẹjọ," ó ní.

"A ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn àgbààgbà wọn. Nítorí òkè yẹn ni wọ́n fi jókòó. Ẹ bá mi dì í mú fún ọjọ́ mẹ́ta sí i, a ó fọwọ́ sí ìwé."

"Lẹ́yìn náà?"

Ṣíbí tún dún nínú ife.

"Mo ní lẹ́yìn náà? Ta ló ń bọ̀ wá mú wa?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìlú ju ọ̀rọ̀ ọgọ́ta ènìyàn lọ."

"Ìyá ńkọ́? O kúnlẹ̀ fún un. O ní kó má lọ."

"Bí ìyá mi bá ṣì ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ta ló máa gbà pé mo ti lọ?" Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. "Ó dùn mí. Ọlọ́run mọ̀ pé ó dùn mí."

Má-yẹ̀ rọra gbé tẹlifóònù sílẹ̀, bó ṣe máa ń gbé e sílẹ̀ láràárọ̀. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láìmọye ìgbà, ó ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn pẹ̀lú. Kò mọ̀ pé ó ní ojú, pé ó ní ohùn, pé ọmú òsì àti ọmú ọ̀tún lè jọ wà nínú rẹ̀.

Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ sọ fún ọ̀tá pé òfìfo ni, kí wọ́n lè rí ẹ̀mí wọn gbà. Má-yẹ̀ ní, "Bí ẹ bá sọ ọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kọjá wa, wọ́n ti wọ ìlú. Ilé ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé?" Wọ́n tún jókòó. Ìlú yẹn ni ìdajì nínú wọn ti wá.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, kò sẹ́ni tó yọ lẹ́yìn ọ̀tá. Ẹni tó yọ ni kápútẹ́nì wọn kan, ó mú aṣọ funfun lọ́wọ́, ó ń gòkè bọ̀ nìkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, awò ojú rẹ̀ ti sán níbì kan. Má-yẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀ láàárín àwọn àpáta.

"Ẹ káàárọ̀, Baba," ni kápútẹ́nì wí. Ètè rẹ̀ gbẹ. "Àwọn ọmọ mi ló gé wáyà yẹn, wọn ò bi mí. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí. A mọ̀ pé iná ló ń mú un tutù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni aago wí?"

Wàhálà dé. Ọkùnrin tí kò purọ́ rí láyé rẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ẹ̀mí wà lókè lẹ́yìn rẹ̀, arúgbó kan ń ṣa ẹ̀wà nísàlẹ̀. Bó bá ní méjìlélógún, wọ́n á mọ̀. Bí kò bá sọ nǹkan kan, wọ́n á gòkè wá wò.

"Ọ̀kànlélọ́gọ́ta," ni Má-yẹ̀ wí.

Òógùn bò ó. Ó ń ṣàn láti iwájú orí rẹ̀ wọ inú ojú, ó ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó rò pé ó parí, pé ọmọkùnrin náà ti rí i. Ṣùgbọ́n kápútẹ́nì ń wo òógùn náà, ojú òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

"Baba, ṣé ó ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ nínú lọ́hùn-ún?"

Má-yẹ̀ jẹ́ kí òógùn náà bá òun jẹ́rìí. "Ìyá mi wà nílùú yẹn. Ṣé o rò pé mo lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré? Àádọ́rin ni òpin rẹ̀. A lè fi omi tù ú, ṣùgbọ́n mi ò lè kó àwọn ọmọ mi síbi omi pẹ̀lú ìbọn yín lẹ́yìn wọn. Ẹ padà sódìkejì odò. Ẹ jẹ́ kí ará ìlú gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ òkè yìí fún ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ẹni tó bá dé kó tó pé, kó má dárúkọ mi lọ́run."

Ọmọkùnrin náà kí i bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń sáré. Kí oòrùn tó yí, ẹgbàárùn-ún ènìyàn ti ń rọ́ padà lórí afárá, wọ́n ń ti ara wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìlú jáde. Àwọn ọmọ òkè wà láàárín wọn, wọ́n gbé ẹlẹ́sẹ̀ kan lórí àga ilé-ìwé. Má-yẹ̀ pọn ìyá rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá le, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá tẹ́jú. Lójú ọ̀nà ló ti sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀gágun fún un. Kò sunkún. Ó kàn ní kó sọ ibi tí Ọ̀gágun ti ní "ìyá mi" yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbọ́ ọ tán.

Lọ́jọ́ kẹrin ìrìn wọn, wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan tí rédíò ń ké níbẹ̀. Ogun ti parí, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé. Ohùn Ọ̀gágun ló jáde, ó ń dún geere. Ó ní agbára tó wà nínú òkè wa ló mú kí ọ̀tá jókòó bá wa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ó ní ó ṣeni láàánú pé àwọn ọmọ ogun tí a fi ṣọ́ ọ já a sílẹ̀, wọ́n sá, sájẹ́ǹtì kan tí wọ́n ń pè ní Má-yẹ̀ ló ṣíwájú wọn. Ọlọ́run ló bá wa ṣọ́ ọ. Ibikíbi tí a bá ti rí àwọn ọ̀dàlẹ̀ yìí, ìbọn ni.

Oníwáyà ju fìlà mọ́lẹ̀. "Ó parí! Mo ń lọ sórí rédíò yẹn lónìí! Igi ìṣáná ni! Màá sọ ọ́ fún gbogbo ayé, igi ìṣáná!"

"O ò ní sọ ọ́," ni Má-yẹ̀ wí.

"Wọ́n pè yín ní ọ̀dàlẹ̀, Sájẹ́ǹtì!"

"Mo gbọ́. Ìwé yẹn, kí ló gbé e dúró? Bó o bá sọ ọ́ lónìí, lọ́la wọ́n á tún kọjá odò." Ó wo gbogbo àwọn tó ń ti ọ̀nà bọ̀, àwọn aboyún, àwọn arúgbó, àwọn tó di ìkòkò mọ́rí. "Ẹ bọ́ aṣọ ológun. Kí oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ò mọ̀ mí."

Alásè ló kọ́kọ́ bọ́ tirẹ̀. Wọ́n dì mọ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọkùnrin tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì nínú eruku, wọ́n sì túká. Oníwáyà lọ kẹ́yìn. Kò rí àwàdà kankan ṣe.

Ó ku Má-yẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Wọ́n rìn títí ọkọ̀ dúdú kan fi bá wọn láti iwájú, tó ń dán nínú gbogbo eruku yẹn. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ológun ni, aṣọ rẹ̀ gún régé. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́, ó ń wo ojú àwọn arúgbó.

"Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Ìyá Ọ̀gágun ni mò ń wá. Wọ́n ní ó lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ní ó kéré, wọ́n ní ó lè máa bọ̀ lọ́nà yìí. Ọ̀gágun ní kí n wá gbé wọn, ilé ti wà nílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ni?"

Ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ní tìmùtìmù. Ẹsẹ̀ arúgbó náà ti wú dé kókósẹ̀. Ó wo ìjókòó náà dáadáa. Ó wo ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ti gbójú sílẹ̀.

"Èmi kẹ̀? O ṣì mí mú, ọmọ mi," ó ní. "Èmi ò ní Ọ̀gágun kankan."

Awakọ̀ yíjú sí Má-yẹ̀. "Ta nìyí?"

"Ọmọ mi ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní."

Awakọ̀ tún wo ìwé rẹ̀, ó mi orí, ó tọrọ gáfárà. Ọkọ̀ náà kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó ẹ̀yìn, ó ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń dúró lẹ́sẹ̀ olúkúlùkù wọn.

Má-yẹ̀ wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. "Ìyá, ẹsẹ̀ yín ti wú jù."

"Ẹsẹ̀ tó wú ò tíì kú," ni ìyá rẹ̀ wí. "Máa lọ."